Ẹ̀wù Àwọn Oníṣẹ́ Abẹ

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìjókòó ìdí máṣìnì. Ṣé orúnkún yín ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Ṣé ṣọ́ọ̀bù ń lọ déédéé? Ara mi le. Otútù ibí nìkan ló ń bá mi ṣọ̀tá, èmi náà sì ń wọ aṣọ lé aṣọ títí mo fi rí roboto.

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù. Wọ́n ti fi mí ṣe olórí olùkọ́ iṣẹ́ abẹ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn yìí. Èmi Òwújá yín. Ọmọ tí ẹ sọ lórúkọ yẹn torí pé kò sí ìgbà tó mú abẹ́rẹ́ tí òwú kì í já mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ni wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ẹlòmíì bí wọ́n ṣe ń rán èèyàn. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn kí n lè mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ o. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀, ẹ̀wù dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo sì ni gbogbo àwọn tó ti wà nípò yìí ń wọ̀, láti orí ẹni àkọ́kọ́ títí dé orí ọ̀gá mi tó ń fẹ̀yìn tì. Lóṣù kẹfà ni wọ́n máa wọ̀ ọ́ fún mi níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Àṣà wọn ni pé ará ilé ẹni tó kàn ló ń tún un ṣe. Ìyàwó ẹnìkan ló lẹ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹlòmíì ló pààrọ̀ kọ́là. Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ wò, ó ń wọ́ tẹ̀lé mi nílẹ̀, torí àwọn tó ṣáájú mi ga jù mí lọ. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ bi mí pé ta ni mo ní tó lè tún un ṣe. Mo ní mo ní ìyá.

Ó wà nínú páálí tó ń bọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ bá mi ṣẹ́ ẹ sókè. Ẹ má bínú pé iṣẹ́ ni mo fi kí yín. Awò ojú tí ẹ ní kí n rà wà lábẹ́ rẹ̀, inú ìbọ̀sẹ̀ ni mo wé e sí.

Ọmọ yín,
Òwújá

*

Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta

Òwújá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun? Lórí ìdúró ni mo ka lẹ́tà rẹ, torí o ní kí n jókòó, n kì í sì í gba àṣẹ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà, mo jókòó.

O kú oríire, ọmọ mi. Mo pariwo débi pé oníbàtà ìsàlẹ̀ sáré gòkè wá tòun ti òòlù lọ́wọ́, ó rò pé olè ni. Mo sọ fún un pé ọmọ mi ti di olórí àwọn tó ń la inú èèyàn. Ó ní kí n kí ọ, ó sì ní kí o má sún mọ́ òun.

Àmọ́ mo ní ẹjọ́ láti rò. Irú ilé ẹ̀kọ́ ńlá báyìí, wọn ò rí aṣọ tuntun rà fún olùkọ́ wọn? Aṣọ òkú ni wọ́n kó fún ọmọ mi wọ̀? Nígbà tí mo tú páálí náà, mo sín títí ojú mi fi pọ́n. Kòkòrò ti jẹ ẹ́, àpò òsì rẹ̀ já, ó sì ń rùn bí àjà ilé. Ta ni àwọn èèyàn yìí gan-an? Kí ni wọ́n ṣe tí ẹnikẹ́ni ò fi lè ju aṣọ wọn nù? Kọ ọ́ sí mi. N kì í ránṣọ fún ẹni tí mi ò mọ̀.

Ìròyìn ilé nìyí. Ìyàwó ṣọ́jà tó ń gbé òdìkejì wá bá mi fa wàhálà lánàá. Mo bá a pààrọ̀ bọ́tìnnì kóòtù ọkọ rẹ̀, ó wá ní níbo ni mo gbé àwọn ti tẹ́lẹ̀ sí, pé bàbà gidi ni. Mi ò bá a jà. Mo ní kó fọwọ́ kan abẹ́ apá òsì kóòtù náà, ní inú lọ́hùn-ún. Ó fọwọ́ kàn án, bọ́tìnnì dún ṣaworo nínú àpò kékeré tí mo rán pa síbẹ̀. O ṣáà mọ bí mo ṣe ń ṣe. Láti ọjọ́ tí obìnrin kan ti pè mí lólè àgékù aṣọ níṣojú rẹ, ohunkóhun tí mo bá yọ lára aṣọ oníbàárà, inú aṣọ náà ló ń padà sí. Ó bẹ̀ mí, ó sì tún ní kí n bá òun dín ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan kù lọ́fẹ̀ẹ́.

Awò ojú náà dára. Mo ti wá rí gbogbo ìdọ̀tí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, inú mi ò sì dùn sí i.

Ìyá rẹ

*

Ogúnjọ́, oṣù kẹta

Màámi,

Ẹ kú ìnáwó ariwo. Ẹ bá mi kí oníbàtà, ẹ ní mo gbọ́.

Ẹ ní kí n sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Bàbá Ìlẹ̀kùn ni wọ́n ń pe ẹni àkọ́kọ́. Nígbà tó dé, kò tíì sí ilé ẹ̀kọ́ kankan. Ilé tí wọ́n ń kó iyọ̀ sí ni wọ́n fún un, kò sì sí tábìlì níbẹ̀. Ló bá yọ ìlẹ̀kùn ilé náà, ó gbé e lé orí àgbá méjì, orí ẹ̀ ló ti kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, gbogbo wọn á lẹ̀ mọ́ ògiri, torí ẹnu ọ̀nà ti wà lófìfo. Ìlẹ̀kùn yẹn ṣì wà ní gbọ̀ngàn wa, wọ́n fi gíláàsì bò ó.

Bàbá Ọṣẹ ló tẹ̀lé e. Láyé ìgbà yẹn, àwọn oníṣẹ́ abẹ níbí kì í fọwọ́ kí wọ́n tó kan aláìsàn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá gbẹ mọ́ wọn láṣọ, wọ́n á máa fi yangàn. Òun gbé àga àti garawa omi sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ, ó jókòó tì í tòun ti ọṣẹ. Ẹni tí kò bá fọwọ́, kò ní wọlé. Ó dá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alára padà. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé alágbàfọ̀ ni, títí wọ́n fi rí i pé àwọn abiyamọ ò kú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn ẹlẹ́yà bẹ̀rẹ̀ sí í tò sídìí garawa.

Obìnrin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, Ìyá Ojú Fèrèsé. Wọn ò gba obìnrin nígbà náà, ló bá ń dúró lẹ́yìn fèrèsé yàrá ẹ̀kọ́, nínú òjò, nínú oòrùn. Lọ́jọ́ kan olùkọ́ béèrè ohun kan tí gbogbo kíláàsì ò mọ̀, ohùn kan sì dáhùn láti ìta. Wọ́n ní kó kúkú wọlé. Òun ló dá yàrá iṣẹ́ abẹ àwọn ọmọdé sílẹ̀, ibẹ̀ lèmi náà sì ti kọ́ṣẹ́. Súìtì ló máa ń wà lápò òsì ẹ̀wù yẹn. Kò sí ọmọ tó máa ṣiṣẹ́ abẹ fún tí kò ní kọ́kọ́ ní kó kiwọ́ bọ àpò òun. Ohun tó já àpò tí ẹ rí nìyẹn.

Mo wá fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bàbá Ìlẹ̀kùn ló sọ pé ẹni tí kò bá lè fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀ sára aṣọ, kó má fi abẹ́rẹ́ kan ara èèyàn. Ó rán orúkọ tirẹ̀ sára aṣọ inú, èyí tí wọ́n fi tẹ́ abẹ́ ẹ̀wù náà. Gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e ló sì rán tiwọn sábẹ́ rẹ̀, níṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n gba ẹ̀wù. Orúkọ méje ló wà níbẹ̀. Èmi ni ìkẹjọ.

Àwọn kan níbí ò fẹ́ kí n fi ẹ̀wù náà ránṣẹ́. Wọ́n ní èmi àjèjì, mo fẹ́ gbé ẹ̀wù ilé ẹ̀kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ọ̀gá mi ló dúró fún mi. Nítorí náà, Màámi, ẹsẹ̀ ẹ̀wù nìkan ni kí ẹ ṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan aṣọ inú.

Òwújá

*

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta

Òwújá ọmọ mi,

Mo ń retí lẹ́tà rẹ, mi ò rí i, ọwọ́ mi sì ti ń yún mi. Mo ti ṣe ẹ̀wù náà tán.

Aṣọ tí wọ́n fi ṣe ìta rẹ̀ dára gan-an, wọn ò hun irú rẹ̀ mọ́. Mo gbọ̀n ọ́n, mo sá a, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a títí ó fi ń dán. Mi ò gé ẹsẹ̀ rẹ̀ o. Mo ká a sínú ni, kí ẹni gíga tó bá tẹ̀lé ọ lè tú u wálẹ̀. Àpò òsì ti padà sáyè rẹ̀. Àmọ́ aṣọ inú ti tán pátápátá. Ìka lásán ni mo fi kàn án, ó ya. Mo tú gbogbo rẹ̀ kúrò, mo fi sáténì pupa tuntun sí i. Àwọn kan ti ń rán ọ̀rọ̀ sára ti tẹ́lẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ wọn burú jáì, àfi ti ẹnì kejì. Ẹni yẹn, mo lè gbà á síṣẹ́.

Mo fi í ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi ló máa bá lọ, kí o ní sùúrù. Oníbàtà ní ẹ̀wù náà yẹ ọba.

Ìyá rẹ

*

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹrin

Màámi,

Mo kí yín. Yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ ni mo ti ka lẹ́tà yín.

Ẹ tú aṣọ inú. Ẹ tú Bàbá Ìlẹ̀kùn kúrò, ẹ tú Bàbá Ọṣẹ, ẹ tú Ìyá Ojú Fèrèsé, ẹ wá fi sáténì pupa rọ́pò wọn. Mo ní kí ẹ ṣẹ́ ẹsẹ̀ aṣọ, Màámi. Ẹsẹ̀ aṣọ. Ṣé kò lè ṣeé ṣe kí ẹ ṣe kìkì ohun tí wọ́n bẹ̀ yín, lẹ́ẹ̀kan péré láyé yín? Èmi náà ni mo jẹ̀bi tí mi ò tètè sọ ọ́, àmọ́ ta ló ní kí ẹ máa kánjú?

Kí lẹ fi aṣọ náà ṣe? Ṣé ẹ fi nu máṣìnì ni? Ṣé ẹ ti sun ún? Ẹ dákun, ẹ lọ tú agbọ̀n àgékù wò, ẹ lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Èyí tí ẹ bá rí níbẹ̀, bó ṣe wù kó ya tó, ẹ fi ránṣẹ́ kíákíá. Àwọn tó sọ pé kí wọ́n má fi ẹ̀wù náà lé mi lọ́wọ́ ń bẹ níbí, wọn ò sì tíì gbàgbé.

Òwújá

*

Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Sí Dókítà,

Mo rí lẹ́tà rẹ méjèèjì, èyí tí o fi sọ ìtàn àti èyí tí o fi bú mi.

Ẹ̀wù wà lójú omi. Tó bá dé, wọ̀ ọ́.

Abẹ́ tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ lo ti kọ́ ìrìn. O wá bi mí bóyá mo fi aṣọ oníbàárà nu máṣìnì. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní bóyá ẹlòmíì ló bá ọ kọ ọ́. Mi ò ní ọ̀rọ̀ míì.

Aránṣọ

*

Ogúnjọ́, oṣù karùn-ún

Màámi mi àtàtà,

Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì. Ẹ má bínú sí mi. Mo tẹ fóònù sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, wọ́n lọ pè yín, wọ́n ní ẹ ní ẹ ń rán kọ́là aṣọ lọ́wọ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ẹ ṣì wà lórí kọ́là kan náà. Kọ́là wo nìyẹn, Màámi?

Ẹ̀wù ò tíì dé. Mi ò tíì lè sọ fún ọ̀gá mi. Lójoojúmọ́ ló ń yà sí ọ́fíìsì mi láti sọ̀rọ̀ ẹ̀wù. Ó ní lọ́jọ́ tí òun ń rán orúkọ òun, abẹ́rẹ́ gún òun, ẹ̀jẹ̀ òun sì kán sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní lọ́jọ́ ayẹyẹ, òun fẹ́ tún fojú kan ibẹ̀ kí òun tó relé. Mo ní ó dáa, sà. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó. Tí ẹ̀wù bá dé, màá dìde lọ́jọ́ náà, màá jẹ́wọ́ fún gbogbo wọn pé èmi ni mi ò sọ̀rọ̀ lásìkò. Mi ò ní dárúkọ yín. Tí wọ́n bá gba ipò náà lọ́wọ́ mi, kí wọ́n gbà á. Àmọ́ ẹ kọ̀wé sí mi. Ìdákẹ́ yín le fún mi ju gbogbo ìyókù lọ.

Òwújá yín

*

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà

Màámi, ìyá mi, ọ̀gá mi,

Ẹ jókòó o. Mo mọ̀ pé ẹ máa dìde dúró, ó dáa, ẹ dúró.

Àárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ gan-an ni páálí dé. Mo gbé ẹ̀wù náà jáde, mo rí i bó ṣe ń dán, ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn mí lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ́gí. Mo ṣí inú rẹ̀, sáténì pupa ló kí mi, pẹ̀lú bọ́tìnnì kéékèèké tó yí ẹ̀gbẹ́ òsì inú rẹ̀ ká. Mo rò pé ẹwà lásán ni. Mo sunkún, mo bọ́jú, mo ká ìwé tí mo kọ ìjẹ́wọ́ mi sí sọ́wọ́, mo gba gbọ̀ngàn lọ.

Gbogbo wọn ló pé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún dé orí àtẹ̀gùn. Ọ̀gá mi gbé ẹ̀wù náà wọ̀ mí. Ó fọwọ́ pa èjìká rẹ̀, ó ní aránṣọ gidi ló ṣe èyí. Mo la ẹnu pé kí n máa jẹ́wọ́. Ló bá fọwọ́ kan abẹ́ apá òsì mi, ó ní, “Kí ló wà níbí tó ki báyìí?”

Màámi! Bọ́tìnnì bàbà ìyàwó ṣọ́jà ló dún ṣaworo létí mi. Ẹ ti kọ ọ́ sí mi. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́ sí mi, èmi tí mo dàgbà lábẹ́ tábìlì yẹn ò rántí. Ojú ara mi tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín níwájú gbogbo èèyàn.

Mo bọ́ ẹ̀wù, mo ní kí wọ́n fún mi ní sísọ́ọ̀sì. Orí ìlẹ̀kùn Bàbá Ìlẹ̀kùn, lórí gíláàsì tó bò ó, ni mo tẹ́ ẹ sí, mo sì tú àpò kékeré tí ẹ rán pa síbẹ̀ bí mo ṣe ń tú ojú ọgbẹ́. Aṣọ inú àtijọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ lọ̀ ọ́. Gbogbo ibi tó ya lẹ ti dí, ẹ fi aṣọ líle tẹ́ ẹ lẹ́yìn, ẹ sì ṣe ihò bọ́tìnnì yí i ká. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ iṣẹ́ tí bọ́tìnnì ara sáténì ń ṣe. Mo de gbogbo wọn, orúkọ méjèèje padà sáyè wọn. Ọ̀gá mi fìka wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kán sí, ó rí i, ó yọ awò ojú rẹ̀ kúrò ó sì ń nù ún títí.

Bébà súìtì kan bọ́ sílẹ̀ láti inú àpò kékeré náà. Ó ti ṣá, ẹ ti ká a pọ̀ fínnífínní. Mo mọ̀ pé inú àpò jíjá ni ẹ ti rí i, ẹ sì ní ti oníbàárà ni. Mo sọ fún wọn pé ti Ìyá Ojú Fèrèsé ni. Àwọn tí kò fẹ́ kí n fi ẹ̀wù ránṣẹ́ ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ó wá ku èmi. Lábẹ́ orúkọ keje, mo rí abẹ́rẹ́ tí ẹ gún síbẹ̀. Ẹ ti fi òwú sí i, ẹ ti ta kókó rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ta á fún mi nígbà tí mi ò tíì lè ta á fúnra mi. Pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀sí tí mo kọ sí yín, abẹ́rẹ́ yẹn ti wà lójú omi, ó ń bọ̀ wá bá mi. Mo nífẹ̀ẹ́ yín, Màámi. Mi ò tíì kọ ọ́ báyìí rí.

Orúkọ tó wà nínú ìwé ẹ̀rí mi kọ́ ni mo rán. Òwújá ni mo rán. Akọ̀wé ní kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀, mo sọ ọ́, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín, mo sì ń rán an lọ. Fọ́tò rẹ̀ wà nínú lẹ́tà yìí.

Òwújá yín

*

Ọjọ́ kìíní, oṣù keje

Òwújá mi,

Fọ́tò rẹ dé. Inú bí mi lóòótọ́, mi ò ní tàn ọ́. Ó dùn mí pé o rò pé mo lè ju ohun oníbàárà nù. Èmi náà ìbá ti sọ ọ́ fún ọ, àmọ́ mo ní kí o rántí fúnra rẹ. Lọ́jọ́ tí o pè mí lórí fóònù, kò sí kọ́là kankan. Mo kàn jókòó síbẹ̀ ni, mò ń wo máṣìnì.

Ó ti tán. Mo ti rí i nígbà tí mò ń dí aṣọ inú náà pé orúkọ ló tò síbẹ̀, mo sì mọ̀ pé tìrẹ ló kàn, ìdí tí mo fi gún abẹ́rẹ́ síbẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo ka ibi abẹ́rẹ́, mo sunkún débi pé oníbàtà tún gbé òòlù gòkè. Mo ní kó jókòó, mo ka ìtàn Bàbá Ọṣẹ fún un. Ó ti gbé ọṣẹ síwájú ilé iṣẹ́ rẹ̀ báyìí, kò sí ẹni tó máa gbé bàtà fún un láìfọwọ́. Oníbàárà rẹ̀ ti ń dín kù.

Mo fi awò ojú wo iṣẹ́ rẹ. Lẹ́tà àkọ́kọ́ dúró dáadáa. Ìkejì wọ́ sápá ọ̀tún. Àmì orí ìkẹta, ó dà bíi pé eṣinṣin ló bà lé e. Bàbá Ọṣẹ ṣì jù ọ́ lọ, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Máa fi àgékù dánra wò nílé, mo ti dì díẹ̀ sínú páálí fún ọ.

Mo gbé fọ́tò náà kọ́ sókè máṣìnì. Ìyàwó ṣọ́jà wò ó títí, ó ní kí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mo ní orúkọ ọmọ mi ni, òun ló rán an, láàárín àwọn àgbà dókítà. Ó ní ṣé kì í ṣe ọmọ tí òwú máa ń já mọ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Mo ní òun ni. Mo yọ fọ́tò náà wálẹ̀, mo fi ìka mi tọ òwú rẹ̀ fún un látorí kókó tí mo ta títí dé ibi tí o parí rẹ̀ sí. Kò já níbì kankan.

Ìyá rẹ, aránṣọ ẹ̀yin méjèèjọ